Mo há ọdún àti orúkọ sórí, síbẹ̀ mo fìdí rẹmi: báwo lẹ ṣe ń ka ìtàn lítíréṣọ̀ Spéìn àti ti Látìn Amẹ́ríkà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi wá sí Spéìn. Mo ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì báyìí. Èdè àti lítíréṣọ̀ Spéìn ni mò ń kọ́, ọdún mẹ́rin, kírẹ́díìtì 240. Iṣẹ́ tó gba gbogbo agbára mi lọ́dún yìí ni ìtàn lítíréṣọ̀. Sáà kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ayé Cantar de mio Cid, ewì akọni àtijọ́ kan, títí dé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, sáà kejì jẹ́ ti Látìn Amẹ́ríkà.

Mo há ìwé náà sórí. Ẹ jí mi lóru, màá sọ fún yín pé La Celestina jáde ní 1499, Lazarillo de Tormes ní 1554, apá kìíní Don Quijote ní 1605, apá kejì ní 1615. Síbẹ̀ máàkì 4 nínú 10 ni mo gbà, bẹ́ẹ̀ 5 la fi ń yege. Comentario de texto ló gbé mi ṣubú. Wọ́n á fún wa ní ojú ìwé kan péré, wọ́n á ní ká ṣàlàyé rẹ̀ fún wákàtí méjì. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko ni mo fi sọ̀rọ̀ nípa sáà tí wọ́n kọ ọ́ àti bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Olùkọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ ńkọ́?" Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tún ìdánwò náà ṣe. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dénú, mi ò fẹ́ yí i padà. Báwo lẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá ṣe kà á?

Àǹtí Tíṣà
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má sunkún mọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Spéìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó ṣe ọ́ yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn nípa ìwé lo kọ́. Ìwé gan-an ni o ò tíì jókòó tì.

Jẹ́ ká mú ibi kékeré kan nínú Lazarillo, nínú orí kìíní. Lázaro ń fa afọ́jú kiri, ìyà àti ebi ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹnì kan fún afọ́jú ní ìdì èso àjàrà kan tọrẹ. Ó ní káwọn jọ jẹ ẹ́, kí kálukú máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, afọ́jú ti ń mú méjì-méjì. Lázaro rí i, kò wí nǹkan kan, òun náà ń mú méjì, ó tún ń mú mẹ́ta nígbà tó rí àyè. Nígbà tó tán, afọ́jú di igi ìdì náà tó ti ṣófo mú lọ́wọ́, ó ń mi orí, ó ní: "O rẹ́ mi jẹ. Mẹ́ta-mẹ́ta lo ń jẹ." Kí ló jẹ́ kó mọ̀? Ó ní torí òun ń jẹ méjì-méjì, Lázaro sì dákẹ́.

Ó yá, gbé ìwé sílẹ̀ kó o bi ara rẹ: ta ló ríran níbẹ̀? Kí ló tú àṣírí ọmọ náà? Ìdákẹ́ rẹ̀ ni. Wá ṣí orí keje, tó jẹ́ ìparí. Lázaro ti dàgbà, ó ti di akéde ìlú ní Toledo, ó ti fẹ́ ìyàwó. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé ìyàwó náà àti olórí àlùfáà tó fà á fún un ń ṣe nǹkan pọ̀. Lázaro ò fẹ́ gbọ́, torí àlùfáà yẹn ń gbé àlìkámà àti ẹran wá fún un. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Òǹkọ̀wé náà, tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ti gbin ìparí ìwé rẹ̀ sínú ìdì àjàrà yẹn.

Comentario nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ lo ti máa bẹ̀rẹ̀, kó o gba inú rẹ̀ dé odindi ìwé, kó o tó gba inú ìwé dé ayé ìgbà náà. Bó o bá gba ọ̀nà yìí débẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á rí ìdí tí Ìwádìí Mímọ́ (Inquisición, ilé ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì) fi fòfin de ìwé náà ní 1559, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tó jáde. O ò ní nílò kó o há a sórí.

Ará Sevilla
Mo gbà pẹ̀lú Àǹtí, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí àbúrò wa kó ọdún dà nù o. Mú 1492. Ọdún yẹn kan náà ni Granada, ìjọba Mùsùlùmí tó kẹ́yìn ní Spéìn, ṣubú, tí wọ́n lé àwọn Júù kúrò nílùú, tí Columbus wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tí Nebrija sì tẹ gírámà èdè Castile, ìyẹn èdè Spéìn, jáde. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n jọ ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan ò ní lóye ohun tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọdún ti máa ń pani ni kéèyàn tò wọ́n bí ẹ̀wà sínú ìgò. Èmi ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra ni, ìwé kan ń pe ìkejì. Wo Góngora, akéwì ará Córdoba: ní nǹkan bí 1613, àwọn Soledades rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, ewì tó díjú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń bá a jà. Ní 1692, ewì gígùn kan jáde ní Sevilla láti ọwọ́ obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Mẹ́ksíkò, Sor Juana Inés de la Cruz. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ gbangba pé Góngora ló ń fara wé. Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé Góngora pátápátá. Ní 1927, tó pé 300 ọdún tó ti kú, àwọn ọ̀dọ́ akéwì kan kóra jọ ní Sevilla níbí láti bu ọlá fún un. Lorca wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní ìran '27. Ẹ wò ó, okùn kan ṣoṣo ti so Córdoba, Mẹ́ksíkò àti Sevilla pọ̀. Yunifásítì ló pín wọn sí sáà kìíní àti sáà kejì. Àwọn tó kọ̀wé ò pín ara wọn bẹ́ẹ̀.

Okùn mìíràn: Lazarillo bí odindi ẹ̀yà ìwé kan, ìtàn ọmọ ìta tó ń sin ọ̀gá kan tẹ̀ lé ọ̀gá mìíràn. Ní 1816, ọkùnrin ará Mẹ́ksíkò kan, Lizardi, fi ẹ̀yà yẹn kọ El Periquillo Sarniento, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní Látìn Amẹ́ríkà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ forí jì mí. Ọmọ mi obìnrin náà fẹ́ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Iṣẹ́ wo ló wà ní ìdí rẹ̀?

Ará Sevilla
Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ olùkọ́ ló pọ̀ jù. Láti kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba níbí, ẹ máa gba oyè máster ti olùkọ́ni, ẹ máa tún ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní oposiciones, ó sì le. Ìtumọ̀ èdè wà, iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé náà wà. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kéwú Ìlọrin
As-salaamu alaykum. Ilé kéwú lèmi ti jáde, Lárúbáwá ni mo kà ní yunifásítì, mo wá fi èdè Spéìn kún un. Ọmọ Mọ́kọ́lá, o ní ayé Cantar de mio Cid lẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣé wọ́n kọ́ yín ní jarcha?

Ní Andalus, ìyẹn ilẹ̀ Spéìn nígbà tí Mùsùlùmí ń ṣàkóso ibẹ̀, àwọn akéwì máa ń ké ewì muwashshaha ní Lárúbáwá tàbí Hébérù, wọ́n á wá fi ẹsẹ kékeré kan parí rẹ̀ ní èdè tí àwọn ará ilé ń sọ. Jarcha nìyẹn. Ọmọbìnrin ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ nítorí olólùfẹ́. Ọ̀kan sọ pé, kí ni kí n ṣe, màámá, "al-habib" mi ti dé ẹnu ọ̀nà. Habib! Àbíbù tí à ń sọ ọmọ ní Ìlọrin nìyẹn, ó jókòó sáàárín èdè tó máa di èdè Spéìn lọ́la. Àwọn kan nínú àwọn ẹsẹ wọ̀nyí ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n ṣáájú àdàkọ Cid tí Per Abbat fi ọdún 1207 sí. Ní 1948 ni ọ̀mọ̀wé kan, Samuel Stern, fi hàn ayé pé èdè àwọn ará Spéìn ló fara pamọ́ sínú lẹ́tà Hébérù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé "alcalde" ni wọ́n ń pe olórí ìlú, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Al-qadi náà ni. Òun kan náà ló gba ilẹ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa tó di alíkálì, adájọ́. Ọ̀rọ̀ kan rìn lọ sí àríwá, ó di olórí ìlú. Ó rìn wá sí gúúsù, ó di adájọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n Kéwú Ìlọrin, wákàtí kan péré ni wọ́n fi kọ́ wa ní jarcha, kò sẹ́ni tó bá mi so ó mọ́ Àbíbù. Ẹ ṣeun gan-an.

Ohun kan tún ń dùn mí. Sáà kejì ti bẹ̀rẹ̀, mo sì wo ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún wa: orúkọ Nicolás Guillén ará Kúbà wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá a máa ka ewì rẹ̀ kan. Ó ní kò sí àyè, àwọn gbajúmọ̀ ìtàn àròsọ àárín ọdún 1960 sí 1969 ló kù. Mo mọ̀ pé 1967 ni Cien años de soledad, ìwé García Márquez, jáde ní Buenos Aires, mo mọ bó ṣe ṣe pàtàkì tó. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé Guillén dárúkọ wa nínú ewì rẹ̀.

Ìjẹ̀bú ní Havana
Ó dárúkọ wa, àbúrò, ó sì fi ẹkún dárúkọ wa. "Son número 6", nínú El son entero, 1947. Ìlà kìíní rẹ̀ nìyí: "Yoruba soy, lloro en yoruba". Yorùbá ni mí, Yorùbá ni mo fi ń sunkún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní Havana, mo pa ìwé dé, mo jáde lọ jókòó sétí òkun.

Jẹ́ kí n fi ìlà yẹn kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n máa bi ọ́ nínú ìdánwò, ìyẹn kíka sílébù. Fẹnu kà á: Yo-ru-ba-soy-llo-ro-en-yo-ru-ba. Mẹ́wàá. Àmọ́ mẹ́sàn-án ni akéwì kà. "Lloro" parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì, "en" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, wọ́n pàdé, wọ́n di ẹyọ kan. Sinalefa ni wọ́n ń pè é. Àwa náà mọ ọ̀nà yẹn dáadáa: ra ẹran, rẹran, wá ilé, wálé. Ìyàtọ̀ kan wà: nínú ìpajẹ tiwa, fáwẹ̀lì kan kú pátápátá; tiwọn, méjèèjì ṣì ń dún, kìkì pé ẹyọ kan la kà wọ́n sí. Ìlà kejì ni "lucumí", orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Kúbà. Ẹnu rí mẹ́ta, akéwì ka mẹ́rin, torí sílébù ìparí ló gba ohùn líle, irú ìlà bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ọ̀kan kún un.

Gbìyànjú rẹ̀ lórí romance (ewì tí wọ́n ń fi orin sọ ìtàn) àtijọ́ kan tí wọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́: "Que por mayo era, por mayo". "Mayo" àti "era" pàdé, ó di mẹ́jọ. Wá ka èyí tó tẹ̀ lé e, "cuando hace la calor". Bó o bá so "cuando" mọ́ "hace" bíi ti òní, kò ní pé. Láyé ìgbà náà, wọ́n ṣì ń pe "h" yẹn sókè, ó dúró bí ògiri láàárín fáwẹ̀lì méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó ka ewì sókè. Etí rẹ á bá ìtàn èdè pàdé níbi tí ojú ti fò ó.

Bó o bá ráyè, wá El monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní 1954. Ó jókòó ti àwọn àgbà ọmọ ẹrú, ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Lẹ́tà "ch" ni àwọn ará Kúbà fi gba "ṣ" wa: Changó, Ochún, aché. Ẹbọ di ebbó. Mo júbà di moyuba, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ìtàn inú odù ni wọ́n ń pè ní patakí, ìyẹn pàtàkì. Ẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé nǹkan jọ wá lójú, òun ni wọ́n sọ ìtàn àwọn òrìṣà. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Àǹtí Tíṣà
Ìjẹ̀bú ní Havana, o ṣe é dáadáa. Àmọ́ ọmọ mi, bó o bá máa kọ nípa Guillén, ka ewì náà dópin. Nínú rẹ̀ náà ló ti sọ pé nígbà tí òun kì í bá ṣe Yorùbá, òun ni Kóńgò, òun ni Mandinga, òun ni Carabalí. Ó tún wá sọ pé dúdú àti funfun ti jọ wà pọ̀ tipẹ́tipẹ́, "todo mezclado", gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀. Bó o bá gé ìlà wa nìkan mú, o ti ṣe sí i bí ẹni tó fi í sórí ìlà kan ṣoṣo. Ìfẹ́ ló yàtọ̀, gígé náà ni.

Ìjẹ̀bú ní Havana
Òótọ́ ni, Àǹtí. Mo gba ìbáwí yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ní Kúbà ńkọ́, àwọn ará ibẹ̀ á kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ará Kúbà ni Guillén.

Kí Ọmọ Mọ́kọ́lá tún fi Juan Francisco Manzano kún un. Ẹrú ni ní Kúbà, ó fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ní 1836 ni àwọn òǹkọ̀wé dáwó jọ ra òmìnira rẹ̀. Ìtàn ayé rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1840. Ní èdè Spéìn tó fi kọ ọ́, ó di 1937 kó tó jáde.

Ará Sevilla
Kò sídìí láti dúró de Kúbà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ènìyàn dúdú wà nínú sáà kìíní. Ẹrú ni Juan Latino nílé Duke kan nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó dàgbà, ó di olùkọ́ èdè Látìn ní Granada, ó sì tẹ ewì Látìn jáde ní 1573 nípa ogun Lepanto, ogun tí Cervantes, ẹni tó kọ Don Quijote, fúnra rẹ̀ jà ní 1571 tí ọwọ́ òsì rẹ̀ fi rọ. Ọ̀kan nínú àwọn ewì tó ṣáájú Don Quijote dárúkọ rẹ̀: "el negro Juan Lati-", wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé sílébù ìparí kúrò.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, padà sí Lazarillo. Kó o tó dé ibi àjàrà yẹn, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Zaide. Kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, sókè, kó o wá sọ ohun tó o rí fún wa. Má ṣí ìwé ìtàn kankan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á. Ẹ gbọ́.

Zaide jẹ́ ẹrú dúdú tó ń tọ́jú ẹṣin. Ìyá Lázaro, opó, ló ń fẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù àwọ̀ rẹ̀ ń ba Lázaro. Nígbà tó rí i pé bí Zaide bá ti dé, oúnjẹ ń dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀: búrẹ́dì, ẹran, igi ìdáná nígbà òtútù. Ìyá bí ọmọ dúdú kan. Lázaro ń gbé e jó. Ó pè é ní "hermanico", àbúrò mi kékeré. Kò pè é ní "hermano" lásán, ó kọ́ "-ico" sí i bí ẹni ń kẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, Zaide ń bá ọmọ náà ṣeré. Ọmọ rí i pé ìyá òun àti Lázaro funfun, bàbá òun dúdú, ló bá sá tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó nàka sí bàbá rẹ̀: "¡Madre, coco!" Coco ni iwin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ọmọ náà ò mọ̀ pé òun náà dúdú. Lázaro wá sọ sínú ara rẹ̀ pé mélòó ló ń bẹ láyé tó ń sá fún ẹlòmíì torí wọn ò rí ara wọn.

Nígbà tí mo ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó rí ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ká Zaide mọ́ olè. Ọkà bálì ẹṣin ló ń jí láti fi bọ́ ọmọ náà. Wọ́n nà án, wọ́n kán ọ̀rá gbígbóná sí i lára. Wọ́n na ìyá ní ọgọ́rùn-ún pàṣán, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba Zaide sílé mọ́. Ta ló tú àṣírí wọn? Lázaro ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi ìhàlẹ̀ bi òun léèrè, òun jẹ́ ọmọdé, ẹ̀rù sì mú kí òun sọ gbogbo ohun tí òun mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá rẹ̀ fà á lé afọ́jú lọ́wọ́, ó sì dé ìdí àjàrà, ó dákẹ́. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ó pàdánù Zaide. Ìgbà tó dákẹ́, ó jẹ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà tó dàgbà, ó dákẹ́ sórí ọ̀ràn ìyàwó rẹ̀. Àǹtí, ṣé mo ti ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ ni?

Àǹtí Tíṣà
Ó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti kọ́ ìwé yẹn títí, ibi àjàrà ni mo máa ń gbà wọlé. Mi ò so ó mọ́ ẹnu Lázaro níwájú àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ ọn rí.

Ohun méjì kó o tó kọ ọ́. Má gbàgbé pé Lázaro àgbà ló ń sọ ọ́, ẹnì kan tó ń pè ní "Vuestra Merced" (Ọlá Yín) ló ń kọ lẹ́tà náà sí, torí náà béèrè ohun tó fẹ́ kí ẹni yẹn gbà gbọ́. Ìkejì, mú ìlà tó ní "con miedo" (pẹ̀lú ẹ̀rù) jáde, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an, kó o fi bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kìíní rẹ. Kọ ọ́ fún wákàtí méjì pẹ̀lú aago níwájú rẹ, kó o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Sátidé.